Ìbéèrè Òǹkàwé: Régúlétọ̀ Tó Dì Nínú Omi Kúárì

Ìbéèrè kìíní

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọdún tó kọjá ni mo kọ́ bí a ṣe ń fi sílíńdà afẹ́fẹ́ mùwẹ̀ ní Òkun Pupa ní Íjíbítì, níbi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ó sì mọ́ gaara. Nígbà tí mo padà sí Birmingham, àwọn ojúgbà mi kan ní kí n wá bá wọn dánra wò nínú kúárì àtijọ́ kan tí omi ti kún. Oṣù Kẹta ni, ìwọ̀n ooru omi náà kò sì ju 6°C lọ. Mo háyà ohun èlò àti aṣọ rọ́bà mìlímítà 7. Mo fi òjé kílò mẹ́rin (ìwúwo tí ń mú òmùwẹ̀ rì) kún èyí tí mo lò ní Íjíbítì, nítorí wọ́n ní aṣọ tó nípọn máa ń léfòó. A dúró lójú omi, à ń mí nínú régúlétọ̀, ẹ̀rọ tí ń gbé afẹ́fẹ́ sílíńdà wá sí ẹnu, a sì ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, èémí mi ń já lura. Mo rí i pé mo ń yára rì, mo sì tẹ bọ́tìnnì tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbé òmùwẹ̀ léfòó mọ́lẹ̀ gbọnin. A kò tíì kọjá mítà 8 tí régúlétọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ yàà láìdáwọ́ dúró, tí omi ń hó yaya mọ́ mi lójú. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnìkejì mi tí ó dì mí mú, tí ó fún mi ní ẹnu régúlétọ̀ rẹ̀ kejì, tí a sì jọ gòkè. Àwọn tí wọ́n háyà ohun èlò fún mi yẹ̀ ẹ́ wò lórí ilẹ̀, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é. Ṣé wọ́n ń parọ́ fún mi ni? Báwo ni mo ṣe lè dánra wò kí n tó padà síbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi wo ìdí tí òòyì fi kọ́ mi nígbà tí omi wọ inú fìlà rọ́bà mi, àti ìdí tí ìbòjú mi kò fi yé jò.

Ọmọ Ìlàjẹ, Birmingham

Ìdáhùn

Arábìnrin wa, ẹ kú ewu. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó háyà ohun èlò fún yín má parọ́ rárá. Yìnyín tó fa wàhálà náà ti yọ́ kí wọ́n tó gbé régúlétọ̀ sórí tábìlì, kò sì sí ohun tí ojú lè rí mọ́.

Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́kanáísà rí mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ máa ń gbóná, àti pé bí wọ́n bá tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀, tútù ni yóò fẹ́ sí ọwọ́ ẹni. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọrùn yín nínú omi. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà tó kún wà láàárín bar 200 sí 232 (bar ni a fi ń wọn ipá afẹ́fẹ́). Ìpele àkọ́kọ́ régúlétọ̀, èyí tí a dè mọ́ orí sílíńdà, ń mú un wálẹ̀ sí nǹkan bí bar 9 tàbí 10 ju ti omi àyíká lọ, ìpele kejì tó wà lẹ́nu yín sì ń mú un bá ti omi dọ́gba kí ẹ tó fà á sínú. Bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń gbòòrò lójijì ni ó ń tutù, tí irin tó gba inú rẹ̀ kọjá sì ń bá a tutù. Ní Òkun Pupa, omi tó yí irin náà ká ní ooru tó pọ̀ tó láti fi rọ́pò èyí tó sọnù. Nínú omi 6°C, ìwọ̀n mẹ́fà péré ni ó kù kí omi fúnra rẹ̀ dì, nítorí náà ooru tó lè yá irin náà kéré gan-an. Omi tí kò níyọ̀ tún ń dì ní 0°C, nígbà tí omi òkun kì í dì títí yóò fi lọ sí nǹkan bí ìwọ̀n 1.9 nísàlẹ̀ òdo. Bí omi díẹ̀ bá dì yí sípíríǹgì ìpele àkọ́kọ́ ká, tàbí kí ọ̀rinrin inú èémí yín dì sínú ìpele kejì, fáàfù kò ní lè padé mọ́; afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde á sì máa mú kí ibẹ̀ tutù sí i, kí yìnyín sì máa pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ rò pé yóò dáwọ́ dúró.

Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EN 250 fi 10°C ṣe ààlà. Régúlétọ̀ tí a fẹ́ lò nísàlẹ̀ ààlà yìí gbọ́dọ̀ ti yege ìdánwò nínú omi 4°C. Èyí tí wọn kò ṣe fún omi tútù ni wọ́n máa ń kọ >10°C (ìyẹn ni pé, omi tó ju 10°C lọ) sí lára. Kí ẹ tó háyà òmíràn, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára irin rẹ̀. Régúlétọ̀ lè péye pátápátá kí ó má sì yẹ fún omi oṣù Kẹta.

Síbẹ̀, èyí tó dára jù lọ pàápàá yóò dì bí a bá béèrè afẹ́fẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ afẹ́fẹ́ yín. Ẹ ń tẹ bọ́tìnnì régúlétọ̀ lójú omi nínú afẹ́fẹ́ oṣù Kẹta, èyí tó ṣeé ṣe kó tutù ju omi gan-an lọ, ẹ sì ń mí sínú rẹ̀ níbẹ̀, tí ọ̀rinrin ẹnu yín ń kó sínú irin tó ti tutù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú èémí tó ń já lura. Lẹ́yìn náà ni ẹ tẹ bọ́tìnnì jákẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ lákòókò kan náà tí ẹ ń fa èémí, tí ìpele àkọ́kọ́ kan ṣoṣo wá ń fún ibi méjì ní afẹ́fẹ́. Lójú tèmi, òjé ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ká ní ẹ kò yára rì, ẹ kò bá má tẹ bọ́tìnnì yẹn gbọnin.

Ẹni tó ní kí ẹ fi kílò mẹ́rin kún òjé rántí aṣọ, ó gbàgbé omi. Lítà kan omi òkun wúwo tó kílógíráàmù 1.025, ti omi kúárì kò ju kílógíráàmù 1 lọ. Ẹni tí òun àti ẹrù rẹ̀ bá gba àyè lítà 100 nínú omi yóò rí i pé nǹkan bí kílógíráàmù 2.5 ni omi adágún fi ń gbé òun sókè kéré sí ti òkun. Aṣọ tó nípọn fẹ́ kí a fi òjé kún un, omi tí kò níyọ̀ fẹ́ kí a yọ ọ́. A kò lè jókòó sílé ṣírò bí àwọn méjèèjì yóò ṣe pàdé. Inú omi ni a ti ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí sílíńdà bá ti kù sí nǹkan bí bar 50, ẹ dúró lójú omi níbi tí kò jìn, ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì jáde, kí ẹ sì dá èémí dúró díẹ̀: ó yẹ kí omi dé ibi ojú yín, kí ẹ sì máa rì pẹ̀lẹ́ bí ẹ bá mí síta. Bí ẹ bá ti rì kí ẹ tó mí síta, ẹ yọ kílò kan, kí ẹ tún un wò. Kò sí ìdánrawò mìíràn tó ń dá owó rẹ̀ padà tó èyí, òun sì ni àwọn ènìyàn ń fò jù.

Ní ti èémí tó ń já lura, ẹ má ṣe rò pé ojo ni yín. Bí omi tó tutù ju 15°C bá kan awọ ara lójijì, ara á fa èémí hàà láìbéèrè lọ́wọ́ olówó rẹ̀, á sì máa mí lemọ́lemọ́ fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta kí ó tó rọlẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fò wọ omi kí ẹ sì máa lọ sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ rọra wọlé, ẹ fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì kí ó gbé yín dúró, ẹ di okùn tàbí etí pèpéle mú, ẹ jẹ́ kí omi wọ aṣọ àti fìlà, ẹ bomi sójú, kí ẹ sì dúró títí ẹ ó fi lè sọ gbólóhùn gígùn kan láìmí hẹlẹ. Régúlétọ̀ kò gbọdọ̀ sí lẹ́nu yín ní gbogbo àkókò yìí. Ìgbà tí ẹ bá ṣe tán láti sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ fi sẹ́nu, kí èémí yín àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ sì jẹ́ abẹ́ omi.

Ìbéèrè yín gan-an ni bí ẹ ṣe lè dánra wò, èrò mi nípa rẹ̀ sì lè má bá ti àwọn ojúgbà yín mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lọ sínú kúárì láti lọ dán ìjàmbá wò: wọ́n á tẹ bọ́tìnnì régúlétọ̀ kí ó máa tú, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń mí nínú èyí tó ń tú. Nínú omi 6°C, ìdánwò yẹn lè di òótọ́ lójú wọn, nítorí bọ́tìnnì tí a tẹ̀ pẹ́ ni ọ̀nà tó yá jù lọ láti mú kí ó dì. Inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó gbóná ni kí ẹ ti ṣe irú èyí pẹ̀lú olùkọ́. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ ni pé kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ mìlímítà 5 àti fìlà rọ́bà sínú adágún náà. Wọn á rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ nípọn kì í mọ bọ́tìnnì tí ń fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí èyí tí ń tú u, kì í sì í rí ìdè òjé mú; ó sàn kí ẹ kọ́ èyí níbi tí ẹ ti lè dìde dúró. Ẹ tẹ bọ́tìnnì jákẹ́ẹ̀tì ní ìwọ̀nba, tẹ́ẹ́, kí ẹ dúró, tẹ́ẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mí síta tán, títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹ ronú sí i. Ẹ yọ ìbòjú, kí ẹ máa fi ẹnu mí pẹ̀lú ojú níhòòhò fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ẹ bá dé kúárì, ẹ ó rí i pé omi tútù tó kan imú máa ń fẹ́ mú ènìyàn fa èémí gba imú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀ nínú ìbòjú kí ẹ tó yọ ọ́ tán.

Bí régúlétọ̀ bá tún tú, ẹ má ṣe pa ètè dé mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde, kí ẹ máa bu ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ mí bí ẹni tó ń mu omi ẹ̀rọ láti ọwọ́, kí ẹ fi ọwọ́ ṣe àmì fún ẹnìkejì yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní ìwọ̀n tí kò ju mítà 9 sí 10 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Sílíńdà lítà 12 tí bar 200 wà nínú rẹ̀ ní nǹkan bí lítà 2,400 afẹ́fẹ́, èyí tí régúlétọ̀ tó ti dì lè tú tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Ọ̀rọ̀ kan wà nípa oore tí ẹnìkejì yín ṣe yín: nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ń mí láti ìpele àkọ́kọ́ kan náà, afẹ́fẹ́ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ti di ìlọ́po méjì, tirẹ̀ náà sì lè dì. Ìdí nìyẹn tí àwọn òmùwẹ̀ omi tútù fi ń gbé sílíńdà kékeré lítà 3 tó ní régúlétọ̀ tirẹ̀, tàbí kí wọ́n lo sílíńdà tó ní fáàfù méjì pẹ̀lú ìpele àkọ́kọ́ méjì, kí wọ́n lè ti èyí tó dì kí wọ́n sì mí nínú èkejì. Ẹ má padà sínú omi irú èyí pẹ̀lú ìpele àkọ́kọ́ kan ṣoṣo.

Ibi tí ẹ ó lò kò ṣòro láti rí. Ní Stoney Cove ní Leicestershire, kúárì gíráńáìtì àtijọ́ ni, pèpéle kan wà ní nǹkan bí mítà 6 sí 7 kí ilẹ̀ tó tún já sí nǹkan bí mítà 20. Capernwray ní Lancashire àti Vobster Quay ní Somerset náà jẹ́ kúárì tí omi kún. Orí pèpéle ni kí ẹ wà ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́. Wọn yóò fẹ́ mú yín lọ wo ọkọ̀ ojú omi Stanegarth tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì sí Stoney Cove ní ọdún 2000. Ọkọ̀ náà kò lọ síbì kankan. Bí káàdì yín bá jẹ́ Open Water ti PADI, àjọ tó ń kọ́ni ní ìmùwẹ̀, mítà 18 ni ó fún yín, àti pé irú omi tí ẹ ti kọ́ ọ ni wọ́n sọ pé kí ẹ máa wọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tàn yín. Ní oṣù Keje, ojú omi kúárì lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó rò pé ẹ ti bọ́, ṣùgbọ́n omi tutù ní ìpele-ìpele: nítorí pé ìwọ̀n 4°C ni omi tí kò níyọ̀ ti wúwo jù lọ, èyí tó tutù máa ń jókòó sísàlẹ̀, ẹ sì lè gba inú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ́ sínú ti yìnyín láàárín mítà kan tàbí méjì.

Òòyì tó kọ́ yín wá láti inú etí. Omi tútù tó bá wọ etí kan ṣáájú èkejì máa ń da ohun tí ń mú ara dúró déédéé rú. Ẹ di ohun kan tí kì í mì mú, kí ẹ dúró. Á kọjá lọ nígbà tí ara bá ti mú omi náà gbóná. Bí ẹ bá rọra jẹ́ kí omi wọ fìlà lójú omi, kí ó kún etí méjèèjì pọ̀, kò ní ṣe yín lábẹ́ omi. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun dí etí.

Ní ti ìbòjú, ẹ kò sọ irú irun tí ẹ dì, ṣùgbọ́n mo fura sí i. Ìdì irun kan ṣoṣo tó bá wà lábẹ́ rọ́bà ìbòjú tó láti jẹ́ kí omi máa wọlé. Bí ó bá jẹ́ ṣùkú ni, ó ń gbé fìlà rọ́bà sókè, afẹ́fẹ́ ń kó sí àtàrí, fìlà á sì máa fa ìbòjú. Kọ̀lẹ́sẹ̀ tó mọ níwọ̀n ló bá fìlà rọ́bà mu. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ìka tọ etí ìbòjú yín yíká kí ẹ tó wọ omi.

Ìbéèrè kejì

Olóòtú, ẹni ọdún 54 ni mí, mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọkùnrin mi ni ó fà mí sínú ìmùwẹ̀. Nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, kò sí ohun tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lọ sí adágún tútù kan, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ń wúkọ́, èémí kò sì dé inú mi mọ́. Ó lọ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ṣé òtútù lásán ni?

Bàbá Ìbejì, London

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ omi mọ́ títí dókítà tó mọ̀ nípa ìmùwẹ̀ yóò fi yẹ̀ yín wò. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ àìsàn kan níbi tí omi ara ti ń jò sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó wà nínú omi. Bí ara bá ti wọ omi, ẹ̀jẹ̀ máa ń kúrò ní ẹsẹ̀ àti apá lọ sí àyà. Òtútù sì ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí àyà á tún pọ̀ sí i. Nínú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tẹ́lẹ̀, ipá yẹn lè ti omi sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ikọ́, àìlè mí, ìró tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ nínú àyà, nígbà mìíràn itọ́ tó ń hó tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀: bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀, ẹ gòkè, ẹ jáde, kí wọ́n fún yín ní ọ́síjìn, kí wọ́n sì pe 999, kódà bí ó bá fẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Ó máa ń padà, ó sì ti pa ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ní Britain ju láàárín àwọn aláwọ̀ funfun lọ, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni mo ń dá lóhùn. Ẹ kọ òtítọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìlera, kí ẹ kó orúkọ gbogbo oògùn yín dání. Àwọn dókítà tó so mọ́ UK Diving Medical Committee ni kí ẹ wá. Ẹni tí jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS kò yẹ kó wọ omi tútù bẹ́ẹ̀, nítorí òtútù àti àìtó omi ara máa ń ru àìsàn náà sókè. Kí ẹni tó jẹ́ AS bi dókítà náà léèrè kí ó tó wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè kẹta

Wọ́n fẹ́ sílíńdà mi dé bar 232 níwájú mi. Nígbà tí mo dé etí adágún, bar 210 ni géèjì sọ. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́, Leeds

Ìdáhùn

Wọn kò rẹ́ ọ jẹ. Fífẹ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ kíákíá ló mú sílíńdà gbóná. Bí ó bá gbóná dé 35°C níbẹ̀, tí ó sì wá tutù dé 6°C, bar 232 á di nǹkan bí 210 láìjẹ́ pé èémí kan ṣoṣo jáde nínú rẹ̀. Ní kí wọ́n máa rọra fẹ́ ẹ. Tún géèjì kà nígbà tí sílíńdà bá ti wà nínú omi fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, iye yẹn ni kí o fi ṣírò ìgbà tí wàá ṣẹ́rí padà. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ géèjì bá ń já wálẹ̀ tí ó sì ń padà sókè ní gbogbo ìgbà tí o bá fa èémí, kì í ṣe òtútù nìyẹn: o kò ṣí fáàfù sílíńdà tán.